Ikú Abìjàwàrà

Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2022, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ní làákàyè ló di ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Èmi ò lọ. Kì í ṣe pé mi ò ní ibi tí mo lè forí lé. Ọmọ Ìdó ni mí, ẹni tó bá sì wọ ọkọ̀ ní Ọ̀yẹ́, tó gba Ìfàkì, kò ní pẹ́ dé Ìdó. Àdá ni mo ń sá fún. Bàbá mi ní oko iṣu, wọ́n sì gbà pé ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ bá tì pa, oko ló ń bọ̀. Mo sọ fún wọn lórí fóònù pé olùkọ́ wa kan ṣì ń kọ́ wa lábẹ́lẹ̀, pé ìdánwò lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkúgbà. Wọ́n ní ó dáa, kí n múra sí ìwé mi. Ìyanṣẹ́lódì yẹn kò parí títí di oṣù Kẹwàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ: èmi tí mo sá fún àdá nínú oko, èmi kan náà ni mo wá ń bá ènìyàn fa ọ̀rọ̀ pé dandan ni kí olóògùn mi fi àdá jà nínú eré.

Eré náà ni Dungeons & Dragons. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé e jáde ní 1974. Kò ní pátákó bíi lúdò, kò sì ní ihò bí ayò ọlọ́pọ́n. Ẹnìkan á jókòó, á máa sọ ibi tí ẹ wà àti ohun tí ẹ rí. Ẹ̀yin tó kù á máa sọ ohun tí ẹ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Àlọ́ àpagbè gidi ni, àfi pé níbẹ̀, Ìjàpá lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò lọ sílé àna òun mọ́.

Ẹni tó kó eré yìí bá wa ni ọ̀rẹ́ wa kan tí à ń pè ní Alága, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọgbà yunifásítì wa tó wà ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ìwé òfin eré náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 2014, ránṣẹ́ sí i. Ọ̀kadà ló máa ń gùn wá láti Ìkọ̀lé, á gba Ìtapá kọjá, ìwé yẹn á wà nínú àyà rẹ̀ bí ẹni gbé owó ìpàdé. Dáìsì olójú ogún tí eré náà ń fẹ́ ni kò sí. A gé bébà sí wẹ́wẹ́, a kọ nọ́ńbà 1 dé 20 sí wọn, a dà wọ́n sínú agolo mílíìkì. Ẹni tó bá kàn á gbọn agolo, á fà á. Inú pàséèjì ilé tí a ń gbé la ti ń ṣe é lálẹ́, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wà, àbẹ́là kan la sì máa ń tàn, nítorí epo jẹnẹrétọ̀ ju agbára ẹni tí kò gba owó ilé ìwé lọ.

Alága kò jẹ́ ká lọ ṣeré nínú ìlú òyìnbó tó wà nínú ìwé. Ó ní kí ló burú nínú ilẹ̀ tiwa. Ó gbé ìtàn náà sójú ọ̀nà láàárín Ayédé sí Ìkọ̀lé, nígbà ayé Èṣùbíyì, ọ̀gágun tó tẹ Ayédé dó ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Núpé ń da gbogbo àríwá Èkìtì rú. Ẹrù iyọ̀ la fẹ́ gbé dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́kọ̀lé, olè sì wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ wa obìnrin kan, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé òpópónà kejì bó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ló gba jagunjagun. Ìyá Ẹgbẹ́ la ń pè é. Ẹni kẹta gba àwòrò Ògún. Èmi gba olóògùn, mo sì sọ ọ́ ní Abìjàwàrà, bí ti inú fíìmù.

Orúkọ yẹn gan-an ló yẹ kó kì mí nílọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ara tí wọ́n fún Abìjàwàrà. Nínú eré yìí, nọ́ńbà ni agbára, nọ́ńbà ni ọgbọ́n, ẹ ó sì pín nọ́ńbà tí ẹ ní. Mo kó èyí tó pọ̀ sórí ọgbọ́n, 16, torí ọgbọ́n ni ọfọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Agbára apá wá ku 8, ìyẹn ni pé ọmọkùnrin náà kò lè fa korobá omi méjì. Gbogbo ẹ̀mí tó wà lára rẹ̀ jẹ́ 14, bẹ́ẹ̀ ti Ìyá Ẹgbẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Òfin sì fi ohun ìjà olóògùn mọ sí díẹ̀: ọ̀bẹ, ọ̀pá, kànnàkànnà, ọfà àfọwọ́jù, àti àkàtàmpó kékeré. Tẹ́lẹ̀ rí, ní 1974, ọ̀bẹ nìkan ni. Kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù irin tí kò kọ́ bí a ti ń wọ̀ ọ́. Bó bá wọ̀ ọ́, ọfọ̀ kankan kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mo yarí. Mo ní irọ́ ni ìwé yìí ń pa. Mo ní ta ni kò ka Fágúnwà? Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ṣé Àkàrà-ògùn kì í ṣe olóògùn ni? Ṣé kì í ṣe ọdẹ tó ń gbé ohun ìjà ni? Àwọn òyìnbó pàápàá, Gandalf inú ìwé Tolkien, arúgbó onírùngbọ̀n yẹn, ṣebí idà ló ń yọ kiri. Mo tún gbé e dé ilé: Ìrè-Èkìtì nìyẹn níbí, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ kan náà, níbi tí Ògún ti dé tó bá agbè ẹmu tó ṣófo, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn, tó fi bẹ́rí àwọn ará ìlú, tó sì wọlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní a ò lè jókòó sí ìtòsí ojúbọ irin kí òyìnbó máa sọ fún wa ẹni tó lè mú irin dání.

Alága fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní òun gbọ́. Ó ní tí mo bá fẹ́, kí n mú ọ̀pá, kí n lọ gbá ẹni tó bá wù mí, kò sí òfin tó ní kí n má kú.

Ẹni tó bá mọ eré yìí lè máa rò pé ó kéré tán, mo yan ọfọ̀ tó bá ìjà ìtòsí mu. Ó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Shocking Grasp wà, tó jẹ́ pé ọwọ́ lásán lo máa fi kan ọ̀tá, iná á sì gbé e bíi wáyà NEPA. Ọgbọ́n ló ń lò, kò lo apá, ẹni tó bá sì gbà á kò ní lè ṣá ọ lẹ́yìn bó o ti ń sá lọ. Shield wà, tó ń fi 5 kún nọ́ńbà ààbò rẹ lẹ́yìn tí ọ̀tá ti ṣá ọ tán, kó o lè sọ pé kò bá ọ. Mage Armor wà, tó ń dúró lára fún wákàtí 8. Mo ka gbogbo wọn. Mo ní ti ojo ni. Èyí tó wù mí ni True Strike, torí orúkọ rẹ̀. Mi ò ka àlàyé rẹ̀ dópin. Nínú ìwé 2014 yẹn, iṣẹ́ True Strike kò ju pé kó o na ìka sí ọ̀tá lọ. O ti lo ìgbà tó kàn ọ́ tán nìyẹn. Bó bá tún kàn ọ́, bó o bá ṣì wà láyé, bí ìrora kò bá tíì tú ọkàn rẹ ká, wàá lè fa bébà méjì, kó o mú èyí tó dára jù. Ẹni tó bá kàn dúró, tó gbá ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì láìna ìka, jèrè ju ìyẹn lọ. Gbogbo ẹni tó ń ta eré yìí kárí ayé ló fi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ló kù tí n kò mọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Màmá onílé ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan sí pàséèjì. Wọ́n ń wọn epo tà nínú ìgò, wọn kò tíì dé kẹ́ẹ̀gì ọ̀hún dáadáa. Ẹ má gbàgbé kẹ́ẹ̀gì náà o.

Abẹ́ ìrókò kan la ti bá olórí olè. Alága fún un ní ẹ̀wù irin: ẹni tó bá fẹ́ bá a gbọ́dọ̀ dé 16. Ẹ̀mí 65 ló ní. Ìyá Ẹgbẹ́ fi apata dí ojú ọ̀nà, ó ní kí n dúró lẹ́yìn òun kí n máa sọ iná. Ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni. Eré yìí máa ń ro ọgbọ́n tàbí apá ẹni, àti bó ti mọṣẹ́ tó, mọ́ nọ́ńbà tó bá fà. Nínú ogún bébà tó wà nínú agolo, mẹ́wàá ló lè mú kí iná mi bá olè yẹn láti òkèèrè. Bí mo bá sún mọ́ ọn tí mo fi ọ̀pá gbá a, mẹ́fà péré ni. Bí mo bá tún sún mọ́ ọn tí mo ní kí n sọ iná, òfin ní kí n fa méjì kí n mú èyí tó burú jù. Mo mọ ìṣirò. Wọ́n ti fún mi ní máàkì tó dáa nínú rẹ̀ rí. Mo dìde lórí àpótí, mo mú ọmọrogùn Ìyá Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kí ara mi lè gbà pé ọ̀pá ni, mo ní: "Abìjàwàrà kọjá lára rẹ̀, ó dúró níwájú olè náà gangan."

Alága ní, "Kí ló wá ṣe?"

Mo ní, "Ó na ìka sí i."

Olè náà wo ìka yìí, ó sì ṣá mi. Ẹ̀mí 9 lọ nínú 14. Alága ní kí n fà á kí a mọ̀ bóyá ìka mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ dé 10. Mo fa 7. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn bí wọ́n bá na ẹni: ọfọ̀ tó ń fẹ́ kí ọkàn dúró sójú kan kì í gba ìyà. Ó tún kàn mí. Ẹni tó ní orí á sá. Mo gbọn agolo, mo fa 19! Ariwo sọ. Ọ̀pá mi bá olè! Alága ní kí n fa ìpalára rẹ̀, mo fa 2, ó yọ 1 kúrò nítorí apá mi tí kò lágbára. Ẹ̀mí kan ṣoṣo ni mo gbà lọ́wọ́ ẹni tó ní 65. Olè náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lu òun. Ó ṣá mi lẹ́ẹ̀kan sí i, Abìjàwàrà dùbúlẹ̀.

Tí ẹ̀mí bá tán lára ènìyàn nínú eré yìí, kò tíì kú tán. Á máa fà á ní ìgbàkígbà tó bá kàn án: èyí tó bá wálẹ̀ ju 10 lọ, àmì ikú kan, àmì mẹ́ta, ó parí. Bó bá fa 20 gan-an, á dìde. Àwòrò wa ló yẹ kó wò mí sàn, ọfọ̀ ìwòsàn rẹ̀ kékeré lè dé ọ̀dọ̀ mi láti ẹsẹ̀ bàtà 60. Àwòrò ti sùn lọ. Mo fa 6. Mo fa 9. Ìyá Ẹgbẹ́ ń pariwo, "Ẹ jí i! Ó ń kú lọ! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tán!" Ó ku ọ̀kan. Mo ní mi ò ní fa eléyìí níjòókòó. Mo na ọmọrogùn sókè, mo pe Ògún ní orúkọ tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀, mo fa bébà, mo sì fi ẹ̀yìn rìn bí akọni.

Kẹ́ẹ̀gì tí mo ní kí ẹ má gbàgbé nìyẹn.

Ó wó, ìdérí rẹ̀ fò, epo dà, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi ìdí balẹ̀, mo sì yí gbiri nínú epo náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìṣubú mi pa àbẹ́là. Nínú òkùnkùn, Ìyá Ẹgbẹ́ fi iná fóònù wo bébà tí mo jù sílẹ̀, ó sì fi ohùn tí ẹ ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kígbe: "Mẹ́rin ni! Ó ti kú! Abìjàwàrà ti kú o!"

Màmá onílé ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n rí ni pé mo nà gbalaja sílẹ̀, pupa fòò láti orí dé ẹsẹ̀, igi lọ́wọ́ mi, tí àwọn méjì dúró tì mí tí wọ́n ń kígbe pé mo ti kú, tí ẹnì kẹta sì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí kò mira. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé ìlú yunifásítì rí mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ènìyàn. "Ẹgbẹ́ òkùnkùn! Wọ́n ti pa méjì! Ará àdúgbò, ẹ gbà mí o!" Èmi náà fẹ́ dìde láti sọ pé mi ò kú. Mo dìde díẹ̀, mo tún yọ̀ ṣubú. Òkú tó ń dìde kò fi Màmá lọ́kàn balẹ̀ rárá.

Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò dé kíá. Àgbà kan ló ṣáájú wọn, ó wọ gbérí, ìbọn ṣakabùlà wà léjìká rẹ̀, ońdè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní ká kúnlẹ̀. A kúnlẹ̀. Àwòrò Ògún jí, ó rí ìbọn, òun náà kúnlẹ̀ láìbéèrè.

"Ta ló kú?" Bàbá ọdẹ ló ń bi wá.

"Abìjàwàrà ni, Bàbá," Ìyá Ẹgbẹ́ dáhùn.

"Ọmọ ilé ta ni?"

Ìyá Ẹgbẹ́ nàka sí mi. "Òun rèé, sà."

Bàbá tan iná sí mi lójú, wọ́n tọ́ epo wò ní èjìká mi, wọ́n fi ìka kan ahọ́n. "Èyí tó ń mí yìí?"

Alága ló ṣàlàyé. Ó pẹ́ kí ó tó yé wọn, torí ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń fi èdè ìwé òfin sọ̀rọ̀. Wọ́n tú agolo mílíìkì wò bóyá nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Wọ́n yẹ ìwé náà wò, wọ́n rí àwòrán dírágónì, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. Nígbà tí Bàbá gbà pé eré ni, mo rò pé wọ́n á bínú kí wọ́n sì máa lọ. Wọn kò lọ. Wọ́n fa àpótí tí mo ti dìde lórí rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ìbọn lé itan.

"Ìwọ, olóògùn. Kí ló gbé ọ dé iwájú ẹni tó mú idà dání?"

Mo ní mo fẹ́ fi ọ̀pá gbá a ni.

"Kí lo kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo na ìka sí i, sà."

"Ìka?"

"Ìka, sà."

Àwọn ọdẹ tó kéré dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn gbé ìbọn rẹ̀ ti ògiri kó lè di ikùn mú. Kò sí ohun tó tíì dùn mí tó ẹ̀rín yẹn. Mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò rí, kò tó o.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi tí ẹ rí yìí, ìbọn ni mo fi ń jà. Bí ìbọn bá kọ̀, àdá wà. Èyí tó wà lọ́rùn mi àti ní ìdí mi, ti kí n lè padà sílé ni." Wọ́n wá ń bi Alága léèrè bí ẹni ń yẹ ọjà wò. Ṣé ìwé yìí ní ohun tí kì í jẹ́ kí irin ràn? Alága ka Shield fún wọn. Wọ́n mi orí. Ṣé ó ní èyí tó máa sọ ènìyàn di púpọ̀ lójú ọ̀tá? Alága ṣí Mirror Image: òjìji mẹ́ta á yọ lára rẹ, ọ̀tá kò ní mọ èyí tó jẹ́ ìwọ. Wọ́n ní ìyẹn dára. Ṣé ó ní egbé, èyí tó ń gbé ènìyàn kúrò lójú ìjà? Alága ní Misty Step wà, á gbé ọ lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 30.

"Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà? Egbé wo nìyẹn? Kò tíì gbé e jáde nínú ilé." Wọ́n ronú díẹ̀. "Ó ṣì sàn ju ìka lọ."

Wọ́n dìde, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, mo sì kọ̀ ọ́, mo lọ mú ìka. Wọ́n bá Màmá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n lọ fi eérú àti ọṣẹ dúdú wẹ̀. Mo wẹ̀ títí di òwúrọ̀, mo ṣì ń rùn bí ìkòkò ọbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Màmá ní epo òun dà, kò dà sílẹ̀ nínú eré, ojú ayé ló dà sí. N kò lówó. Báyìí ni wọ́n mú mi lọ sí oko wọn ní ọ̀nà Ayégbajú láti ṣiṣẹ́ dí owó epo, wọ́n sì fi ohun iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Àdá ni.

Láti inú oko yẹn ni mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ Bàbá ọdẹ, mo sì gbà pé wọ́n mọ eré náà ju èmi lọ láìtíì ta á rí. Olóògùn tó fẹ́ jà ní ìtòsí, ẹ̀gún ara rẹ̀ kì í ṣe bí yóò ti ṣánni. Bí yóò ti ṣe é tí wọn kò ní ṣá a ni. Nígbà tí Màmá gbà wá láyè láti tún máa ṣeré, lábẹ́ máńgòrò níta, lójú ọ̀sán, mo dé pẹ̀lú àbúrò olóògbé, Abìjàwàrà Kejì. Bladesinger ni. Nínú ẹ̀dà eré tí à ń ta yìí, ó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé kan ní 2015, tí wọ́n ní ẹ̀yà elf àti ẹni tó jẹ́ ìdajì elf nìkan ló wà fún. Ìwé Tasha's Cauldron of Everything ti 2020 ló wá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Olóògùn gidi ni, àmọ́ ó lè mú idà, ó sì ní orin kan tí ń kọ sínú ara rẹ̀, tí ń da ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ mọ́ ààbò rẹ̀, tí ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tí kì í sì jẹ́ kí ìyà tètè tú ọkàn rẹ̀ ká. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi Mage Armor wọlé láti àárọ̀. Mo kọ orin. Ààbò mi di 18. Bí mo bá ju Shield lé e, 23. Nínú gbogbo ogún bébà, mẹ́ta ló kù tí olè yẹn lè fi bá mi.

Ó ṣá, ó ṣì. Ó tún ṣá, ó ṣì. Mo gbà á pẹ̀lú Booming Blade, tí idà á bá a tí ààrá á sì wé mọ́ ọn lára, bó bá gbé ẹsẹ̀, ààrá á bú. Kò lè dúró, kò lè lọ. Mo dìde lábẹ́ máńgòrò, mo ń jó. Mo ní kí wọ́n lọ pe Bàbá ọdẹ wá.

Alága ṣí ewé ìwé kan, ó ní olè náà fara yẹ díẹ̀, obìnrin arúgbó kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Burning Hands. Irú iná yìí kì í béèrè nọ́ńbà ààbò. Ẹsẹ̀ tó yára ló ń yẹ ẹ́, mo gbọ́dọ̀ dé 13. Mo fa 3. Ó jó mi ní ẹ̀mí 15.

Mo ní 14.

Ọ̀rọ̀ gidi tó wà nínú gbogbo èyí kò pọ̀, mo sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òfin 2014 lo fi ń ta á, tí ìjà ìtòsí sì wù ọ́ gan-an, fi olóògùn ọlọ́gbọ́n sílẹ̀. Àwòrò tó ń sin òrìṣà ogun ń wọ ẹ̀wù irin wúwo, ó sì ń mú ohun ìjà tó bá wù ú láti ọjọ́ kìíní. Àwòrò wa yẹn, bó bá lajú, kò sí ẹni tó lè mú un. Druid tó jẹ́ ọmọ Òṣùpá ń di béárì, béárì yẹn ní ẹ̀mí tirẹ̀ lọ́tọ̀, bó bá kú, ìwọ á ṣẹ́kù. Hexblade ti ìwé 2017 ń fi ẹwà ẹnu ṣá idà. Àwọn wọ̀nyí, wọ́n bí wọn sí i ni. Bó bá sì jẹ́ olóògùn náà lo ta kú mọ́, gba Shield àti Misty Step kó o tó gba ohunkóhun, fi nọ́ńbà tó dára kejì sórí ìlera kì í ṣe sórí ẹwà bí mo ti ṣe, kó o sì máa lo Shocking Grasp láti sá, kì í ṣe láti pa ènìyàn. Ẹni tó bá lè ní War Caster, ẹ̀bùn tí kì í jẹ́ kí ìyà tètè tú ọkàn ẹni ká, kó gbà á.

Ìwé òfin tuntun jáde ní 2024. Wọ́n ti tún True Strike ṣe: ó ti kúrò ní nína ìka, ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ rẹ lo máa fi gbá ọ̀tá lójú ẹsẹ̀, ọgbọ́n rẹ ni yóò sì máa darí rẹ̀, kì í ṣe apá. Ó ti di ohun tó dára gan-an báyìí. Ẹni méjì ló ti pè mí láti sọ èyí fún mi, bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀ kú ọ̀fọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwòrò Ògún ni mò ń ta báyìí, n kì í sùn, owó epo Màmá sì ti pé.